Bí Ọdẹ́sànmí Ṣe Pọn Ọyẹ́ Wálé

Ẹnu mi yìí ló rán ọkọ mi lọ sínú igbó iwin. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè kankan, ẹnu èmi náà ni. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi: eyín ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àsọjù kò tíì kúrò. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe gbogbo ìlú jọ sí àgbàlá ọba láti bèèrè ẹni tí yóò lọ, tí àwọn ọkùnrin ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo fò dìde, mo ti ìdí mi tó tóbi bí odó yìí síwájú, mo ní, "Ọkọ mi ńkọ́? Ọdẹ́sànmí tí iwin ń rí tí wọ́n ń gbàgbé orúkọ ìyá wọn!"

Irọ́ ni o. Ọdẹ́sànmí tí èmi mọ̀, bí aláǹgbá bá já bọ́ láti òkè àjà, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí. Ṣùgbọ́n ìlú ti pàtẹ́wọ́, ọba ti rẹ́rìn-ín, ọkọ mi sì yíjú wò mí lọ́nà kan tí mi ò ní í sọ lójú àwọn ọmọdé.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ ná. Ibi tí à ń lọ yìí, bí a bá dé àárín rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fẹ́ dá jáde. Ẹ ti dé? Ó dáa. Ohun tí ọkọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá rí i pé ata pọ̀ níbẹ̀, ẹ mọ ọwọ́ tó se é.

Òkè-Ìbòrùn ni orúkọ ìlú wa. Orí òkè gíga ló wà, a kì í sì í jáde láìda ìbòrùn bo ọrùn. Ọyẹ́ ni aládùúgbò wa. Àwọn baba wa sọ pé òun ni adènà ìlú, pé ibi tí òtútù rẹ̀ bá dé, ibà kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ̀fọn tó bá ń gòkè bọ̀, òtútù yóò gbá a mú lágbedeméjì ọ̀nà, yóò sì jábọ́. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́jà, a máa ń fi àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀yin tí ẹ̀fọn ń kọrin sùn fún, ẹ ǹlẹ́ o!"

Nígbà tó yá, Ọyẹ́ kò dé lásìkò mọ́. Lọ́dún kan ó dé, ó wúkọ́ díẹ̀, ó lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a ò rí i rárá. Òjò náà wá ya wèrè: yóò rọ̀ bí ẹni da àgbá omi nù, yóò wó ilé, lẹ́yìn náà yóò sá lọ títí ilẹ̀ yóò fi sán. Ìgbà náà ni ibà gòkè. Wọ́n sin ọmọ Fálèyè. Wọ́n sin ìbejì alágbẹ̀dẹ. Ó wá wọ ilé mi. Àwẹ̀ró, ọmọ mi obìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tí tuntun ń hù, dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ gbóná débi pé aṣọ tútù tí mo tẹ́ sí i lórí ń gbẹ kí n tó yíjú padà. Ìdí nìyẹn tí ọba fi pe ìlú: kí ẹnì kan wá Ọyẹ́ lọ, kó bẹ̀ ẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kí ọkọ mi tó jáde, ó tẹ̀ ba, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé iwájú orí Àwẹ̀ró. Ooru náà gun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bó ṣe ń rìn lọ, ó dà bí ẹni di ẹyin iná mú. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ yìí bá ṣì ń gbóná, ọmọ òun ń mí. Okùn àpò rẹ̀ já lẹ́nu ọ̀nà. Mo tú ọ̀já ìdí mi, mo fi dì í fún un. Kò dúpẹ́. Ó ṣì ń bínú sí mi.

Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Òjìji. Bí mo ṣe ní igbó yẹn, ẹ má wo igi o. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀, kùkùté ló kù lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n òjìji àwọn igi náà kò bá wọn lọ. Wọ́n ṣì nà gbọọrọ sílẹ̀, ẹ̀ka wọn ń mì, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ọdẹ́sànmí ń fò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ọ̀kan, nǹkan kan kérora lábẹ́ ilẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí àdán. Wọ́n so rọ̀ lójú òfuurufú, wọ́n fi èékánná di ibi tí ẹ̀ka wà tẹ́lẹ̀ mú, gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n ń wò ó.

"Ọdẹ," wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo, "ibo ni ilé wa?"

Ọdẹ mìíràn yóò sọ fún yín pé òun sun ìjálá fún wọn. Ọkọ mi mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sọ òótọ́ fún mi: ìtọ̀ ló kọ́kọ́ dá wọn lóhùn.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó ní, "kì í ṣe èmi ni mo gé e."

"A ò bi ọ́ pé ta ló gé e. A ní, ibo ni ilé wa?"

"Mi ò mọ̀."

"Àwa mọ̀. Àjà ilé yín ni. Orí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé yín ni. Èso tí a bá jẹ kù, ọmọ yín yóò ṣà á jẹ. Àìsàn kan wà tó ti ń bá wa gbé láti ọjọ́ pípẹ́, kì í fi wá ṣe nǹkan kan, ọ̀rẹ́ ni wá. Yóò bá wa wọlé yín. Òun kò mọ̀ yín rí."

Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìyẹ́ bo ojú. Ọdẹ́sànmí kò dúró de ìgbà tí wọn yóò tún la ojú.

Ó sáré títí tó fi dé ìlú kan tó wà nínú omi. Omi náà kò ṣàn, kò sì fà. Ó dúró dé orúnkún àwọn ènìyàn, wọ́n gbé àga sínú rẹ̀, wọ́n jókòó, oníkálukú di ikùn ara rẹ̀ mú. Obìnrin kan tó rù bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló ń ṣọ́ ẹnu ibodè. Ó bu omi sínú igbá, ó nà án sí i. Òùngbẹ sì ti gbẹ ọkọ mi débi pé ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

"Mu," obìnrin náà ní. "Ṣùgbọ́n kí o tó mu, sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Odò wa tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń kún, a sì mọ ìgbà rẹ̀, a máa ń kó ẹrù kúrò dè é. Nísinsìnyí, ìgbàkígbà ni, á já wọlé bí olè. Ó ti ṣáláńgá mi jáde, ó wọ kànga mi. Àwọn méjèèjì gbá ara wọn mọ́ra bí ọkọ àti ìyàwó, mi ò mọ èwo ni èwo mọ́. Kí ni mo ń mu?"

Ọdẹ́sànmí wo igbá náà. Omi inú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń dán. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Ìyá mi," ó ní, "ikú ni ẹ ń mu."

Gbogbo ìlú náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹnu wọn ṣí, ìró kankan kò jáde. Obìnrin náà da omi inú igbá padà sínú omi tó dúró sí.

"A ti mọ̀," ó ní. "A ò rí igi gbígbẹ tí a ó fi se é ni. Máa lọ. Bí o bá délé, omi tí kò tíì hó, má fi kan ètè ọmọ rẹ."

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín pé ọkọ mi sá fún omi. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru bá ti gbé rí bí ó ṣe gbé mi lọ́dún tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, tí mo fi ṣáláńgá ṣe yàrá, kò ní í rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìlú náà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó gun àpáta kan tí kò sí ewéko lórí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti dé ilé Ọyẹ́. Ó ti ń fi ọkàn ya irú ọkùnrin tí òun yóò bá: gìrìpá, onírùngbọ̀n funfun, tí èémí rẹ̀ lè ṣí òrùlé. Ohun tó rí ni arúgbó kan tó ká jọ sórí òkúta bí ọmọ tuntun, awọ ara rẹ̀ hu ẹfun, ó sì sán bí gìgísẹ̀ mi tí ẹ ń wò yìí, ẹ gbójú kúrò níbẹ̀. Ọdẹ́sànmí fọwọ́ kàn án, ó sì yára fà á padà. Ara arúgbó náà gbóná. Bí ara Àwẹ̀ró ṣe gbóná gan-an ló gbóná.

Ibà ń ṣe òtútù fúnra rẹ̀.

"Bàbá," Ọdẹ́sànmí ní, "Òkè-Ìbòrùn ni mo ti wá. Ẹ̀yin ni adènà wa. Ẹ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, àwọn ọmọ wa ń kú."

"Ta ló fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀?" Ohùn Ọyẹ́ ń há bí ewé gbígbẹ. "Adènà tí wọ́n ń dáná sí lẹ́sẹ̀, ṣé yóò dúró? Wo ìsàlẹ̀."

Ọdẹ́sànmí wo ìsàlẹ̀. Láti orí àpáta náà, gbogbo ayé hàn. Iná ni níbi gbogbo. Kànga epo rọ̀bì ń jó bí ògùṣọ̀ láìsí ẹni tó dì í mú, ilé iṣẹ́ ń tu èéfín, mọ́tò tò lọ bí ìjàlọ, ìdí wọn ń rú, igbó ń jó. Gbogbo èéfín náà gòkè, kò sì túká. Ó tẹ́ ara rẹ̀ bo ojú ọ̀run bí kúbùsù, ayé wá sùn sábẹ́ rẹ̀, ó ń làágùn.

"Ooru kò rí ibi gbà jáde mọ́," Ọyẹ́ ní. "Èmi ni mo wà lábẹ́ kúbùsù yẹn. Ẹ̀yin rò pé pípa ni mo ń pa ẹ̀fọn. Ṣé o ti se ẹ̀wà rí?"

"Ìyàwó mi ló ń sè é."

"Ibà tó wà nínú ẹ̀fọn dà bí ẹ̀wà lórí iná. Bí kò bá tíì jinná, kò lè ran ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wà nílé yín, iná abẹ́ rẹ̀ kò ràn. Ẹ̀fọn á gbó, á kú, ẹ̀wà rẹ̀ á ṣì le gbagidi. Nísinsìnyí iná ń jó geere. Ẹ̀wà ń tètè jinná, ẹ̀fọn sì ń bù ú fún ọmọ yín jẹ."

"Ẹ dìde, Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Mi ò lè dìde."

"Èmi yóò gbé yín."

"Ṣé o ti gbé òtútù rí?"

"Rárá, ṣùgbọ́n mo ti gbé ìyàwó mi sọdá odò."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ nípa mi níwájú ẹni ẹlẹ́ni! Ó tú ọ̀já mi kúrò lára àpò, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé Ọyẹ́ sẹ́yìn, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra, ó sì ta á ní kókó láyà bí abiyamọ. Ọkùnrin tí kò pọn ọmọ rí láyé rẹ̀! Igba ìgbà ni mo ti bẹ̀ ẹ́ nílé.

Ìyà tó jẹ lójú ọ̀nà kò ṣeé fẹnu sọ. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná bí ààrò báyìí, yóò dì bí yìnyín ní ìṣẹ́jú kan sí i, eyín rẹ̀ yóò máa pa ara wọn. Ìlú tó bá gbà kọjá, àwọn ènìyàn ń jáde sí etí ọ̀nà, wọ́n ń na ọwọ́ sí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó mí sí wa lára díẹ̀, ọkọ wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Wọn kò pariwo. Wọ́n ń tẹ̀ lé e dé ìpẹ̀kun ìlú wọn, wọ́n á sì dúró síbẹ̀, ọwọ́ nínà. Bí ó bá wẹ̀yìn, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń dúpẹ́ pé ó ń ta á.

Ní ẹsẹ̀ òkè wa, ó bá èrò lọ́nà. Wọ́n ru ẹní, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n ń gòkè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, orin kan ṣoṣo tó tínrín bí owú ló ń ti imú wọn jáde. Ẹsẹ̀ wọn gùn bí igi ọparun, ìbàdí wọn sì fún bí ẹni tí wọ́n fi okùn dì. Ìyá wọn ló ṣáájú. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí ọkọ mi, ẹ wá wo ìtẹríba.

"Ẹ kú ìrìn o, ọkọ wa."

"Ẹ ṣeun, ìyá. Ibo lẹ kọrí sí?"

"Òkè-Ìbòrùn ni o. Wọ́n ní ó ti ń móoru dáadáa. Ìlú yẹn mà mọ àlejò ṣe!"

"Ta ló pè yín?" Ọdẹ́sànmí bi í, gbogbo irun ara rẹ̀ dìde.

"Kò sí ilé tí kò pè wá. Òjò ti dà wá láàmú, a ò mọ ibi tí a ó bímọ sí mọ́, ọ̀gbàrá ń gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin bá kọ́ yàrá dè wá lẹ́nu ọ̀nà, roboto, tó tutù, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, omi wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ẹ ti sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí wa. Ìyá ọmọ wo ni yóò gbàgbé irú oore bẹ́ẹ̀?"

Ọdẹ́sànmí mọ ohun tó ń sọ. Àmù àlejò ni. Ní ìlú wa, gbogbo ilé ló ń gbé àmù omi síwájú ìta fún ẹni tó bá ń kọjá, a kì í sì í bò ó láéláé. Ẹni tó bá bò ó ti sọ fún àlejò pé kó máa lọ nìyẹn, ẹ̀tẹ́ ńlá ni. Nígbà tí òtútù wà, kò sí ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ya wèrè, a bẹ̀rẹ̀ sí í to àmù lé àmù, a ń gbọn omi pamọ́ de ọ̀dá, a kò sì bo ọ̀kankan, torí ọmọlúàbí ni wá. Àwọn tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, ń jó nínú omi náà bí ọmọ kékeré tí ìlẹ̀kẹ̀ wà nídìí rẹ̀, a ń wò wọ́n, a ń fi ọwọ́ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ń bu omi.

"Yí mi sí wọn," Ọyẹ́ sọ ọ́ sí i létí.

"Bàbá, èémí tí ẹ ó fi ṣọ́ ìlú nìyẹn."

"Kò tó ṣọ́ ìlú mọ́. Ó tó kí o fi délé ṣáájú wọn. Yí mi."

Ọdẹ́sànmí yíjú, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó gbọ́ tí arúgbó náà fa èémí, ó gùn títí ó fi dà bí ẹni pé kò ní í tán, ó sì tú u sílẹ̀. Koríko funfun. Àwọn èrò náà wó lulẹ̀ bí eérú, láìpariwo. Ìyá wọn ká ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn jọ lẹ́sọ̀lẹsọ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹrù rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Kò burú," ó ní. "A ó sinmi díẹ̀. Ilẹ̀ yìí ṣì máa gbóná."

Ní àkókò náà gan-an, ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi tutù.

Ó dúró. Ó gbọn ọwọ́ náà, ó fi pa itan, ó fi í sábẹ́ abíyá. Ó tutù bí irin. Kò mọ̀ bóyá èémí Ọyẹ́ ló kàn án ni, tàbí ohun mìíràn tí kò fẹ́ sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó sáré wọ ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ó ní kí wọ́n fún òun ní oògùn ibà ọmọdé. A ò ní in lókè. Kí la fẹ́ fi ṣe tẹ́lẹ̀? Obìnrin nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀yin ará òkè! Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀fọn ń kọrin sùn fún wa. Ẹ ti wá gbọ́ orin ọ̀hún?"

"A ti gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀wọ́."

 Ó di oògùn lé e lọ́wọ́, ó kọ́ ọ bí wọn ṣe ń lò ó, ó sì ní kó sáré.

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà nígbà tó dé. Kò kí mi. Ó kọjá lára mi, ó wólẹ̀ ti Àwẹ̀ró, ó gbé etí lé e láyà. Ọmọ náà ń mí. Ibà ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òógùn bò ó, bí ibà ṣe máa ń lọ tó sì máa ń padà bọ̀. A lo oògùn náà fún un kó tó padà. Ìgbà náà ni ọkọ mi sunkún, mo sì sún mọ́ ọn, mo fi ìdí mi bò ó kí ará ìta má bàa rí i.

Kò pẹ́ tí ọba fi dé pẹ̀lú ìlú. "Ọdẹ́sànmí, Ọyẹ́ dà?"

Ọkọ mi tú ọ̀já. Ohunkóhun kò jábọ́ nínú rẹ̀. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ aṣọ náà bí ìyẹ̀fun, ó tutù. Ó ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe rò ó fún yín, láìsí ata. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká bo àmù àlejò."

"Kí a bò ó?" Ọba bínú. "Kí wọ́n máa wí pé ìgbà tèmi ni Òkè-Ìbòrùn lé àlejò?"

"Àwọn àlejò ti dé, Kábíyèsí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní ìrìn ọ̀nà jíjìn ti da orí ọkọ mi rú. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí. Mo lọ síbi àmù iwájú ilé wa, mo gbé aṣọ, mo jókòó lé ẹnu rẹ̀ gbàgà, mo ní, "Mo ti bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, kó wá gbé mi." Ọba kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ìlú bá a rín in. Fálèyè tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sí ilé rẹ̀, a sì gbọ́ ìró àmù tó fọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, a ti da èyí tí tanwíjí wà nínú rẹ̀ nù, a sì ti fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta ẹnu àwọn yòókù, a so ife mọ́ okùn kí àlejò lè mọ̀ pé a kò lé e. Àwọn ilé kan kọ̀, wọn kò bò ó. Mi ò ní í sọ fún yín ibi tí a tún ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ́dún náà.

Àwẹ̀ró sùn, ọ̀já náà ni mo fi bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dìde jókòó, ó ní kí n fún òun ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì mu ún tán. Baba rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ fún. A kò tíì sọ ohunkóhun fún ọmọ náà nípa ibi tí baba rẹ̀ lọ tàbí ẹni tó gbé bọ̀. Ó nu ẹnu, ó fa ọ̀já mọ́ èjìká.

"Bàbá," ó ní, "arúgbó tí ẹ pọ̀n wá ní kí n bi yín: lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni yóò pọn òun?"